Nígbà Tí Mo Ń Din Iyọ̀ Ẹja Bàbá Mi Kù

Ọjọ́ tí mo rí àmì funfun lára ẹja bàbá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo nu gíláàsì àpótí wọn. Mo rò pé eruku ọyẹ́ ni. Mo fi àkísà nu ìta rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ inú omi, mo fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀, àmì náà kò kúrò. Ara àwọn ẹja fúnra wọn ló wà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bí ẹni pé ẹnìkan bu iyọ̀ wọ́n wọn lára, wọ́n sì ń fi ìhà nu òkúta bí ẹni tí ara ń yún. Mo wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ wẹ̀, mo wọṣọ, mo lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Bí mo ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Kì í ṣe pé mi ò láàánú. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá mi nígbà òjò, gbogbo nǹkan kàn ń ṣẹlẹ̀ níwájú mi ni, kò sí èyí tó ń wọ̀ mí lára. Mò ń jí, mò ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́místírì, mò ń padà, mò ń dáná, mò ń pààrọ̀ ìlédìí fún ọkùnrin tó kọ́ mi ní òǹkà. Bí ará ilé kejì bá bi mí pé báwo ni nǹkan, mo máa ń ní a dúpẹ́. Irọ́ kọ́, òótọ́ kọ́. Ẹnu mi ló ń sọ ọ́.

Ilé àwọn òbí mi ni mò ń gbé, àjà kẹta ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀. Bàbá mi fi gbogbo ìgbà èwe mi ṣe iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja, ṣùgbọ́n orí àga ọ́fíìsì ni wọ́n ti ṣe é. Ẹja tí wọ́n fọwọ́ kàn kò ju èyí tó wà nínú àwo ọbẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí nǹkan tí àwọn ti ń kọ sínú fáìlì láti ọdún gbọọrọ wá. Wọ́n ra àpótí gíláàsì kan tó gba omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, wọ́n gbé e sí pálọ̀, wọ́n sì po omi oníyọ̀ sínú rẹ̀ bíi ti òkun. Ẹja mẹ́ta ló wà níbẹ̀: méjì aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára, àti ọ̀kan dúdú kékeré tí ìbínú rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ìgbín òkun díẹ̀ náà wà láàárín òkúta. Bàbá mi máa ń sọ pé dúdú yẹn jọ mí.

Nígbà tí àìsàn náà dé, ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn pátápátá. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù tí wọ́n lè gbé. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á di ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. A gbé àga wọn kọjú sí àpótí ẹja, torí a ti rí i pé ohun kan ṣoṣo tí ojú wọn ṣì ń tẹ̀ lé nìyẹn. Wọn kò wo tẹlifíṣàn mọ́. Pásítọ̀ wá, wọ́n di ojú. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá lọ sápá òsì, ojú wọn á lọ sápá òsì. Dókítà tó ń tọ́jú wọn, tí kò dàgbà tó mi, sọ fún wa pé kí a má fi ìyẹn ṣeré, pé aláìsàn tí ojú rẹ̀ kò bá rí ohun tí yóò máa wò mọ́ máa ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ga jù. Bí kò bá wálẹ̀, rọpárọsẹ̀ kejì ń bọ̀, èkejì náà kò sì ní í fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní kí a mú iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ wọn. Mo ní a ti gbọ́.

Iṣẹ́ méjì ló wá wà lọ́rùn mi: kí ẹja má kú, kí ẹ̀jẹ̀ bàbá mi sì wálẹ̀.

Bàbá mi ní ìwé kan, ìwé aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹja sí. Mo ṣí i nígbà tí mo dé láti iléèwé lọ́jọ́ náà. Ìkọ̀wé wọn gún régé, bíi ti ẹni tó mọ̀ pé ọ̀gá yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kọ ọ́ pé: “Bí àmì funfun bá yọ lára wọn, kòkòrò ni. Kó ìgbín àti òkúta kúrò, ìgbín kò lè fara dà á. Din iyọ̀ omi kù díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko, láti márùndínlógójì sí méjìlá. Má jẹ́ kó ju méjìlá, má jẹ́ kó dín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí àmì tó gbẹ̀yìn bá ti lọ. Má kánjú.” Mo ka “má kánjú” yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn wọn ni, ohùn tí mi ò tíì gbọ́ láti oṣù mélòó kan. Ó yẹ kí n sunkún. Mo lọ wá báàfù.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro fún ẹni tó ń kọ́ kẹ́místírì. Kòkòrò yìí kò lè gbé nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Omi á máa wọ inú ara rẹ̀ títí yóò fi bẹ́. Ẹja lágbára jù ú lọ, ó lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà gbọ́n. Ó máa ń já bọ́ lára ẹja, á lọ sá pamọ́ sísàlẹ̀ omi, á bí ọmọ rẹpẹtẹ, àwọn ọmọ yẹn á sì padà wá. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ dẹra nù nígbà tí ara ẹja bá ti mọ́. Bí iyọ̀ bá fi ọjọ́ díẹ̀ gòkè, iṣẹ́ ti bàjẹ́, ó di kí a bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Mo kó ìgbín àti òkúta sínú báàfù omi iyọ̀ ní bálíkónì. Mo ń bu omi kúrò nínú àpótí ní ife mẹ́wàá, mo ń da omi ẹ̀rọ tí mo ti jẹ́ kó sùn mọ́jú sí i ní ife mẹ́wàá. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀díẹ̀, mo ń kán ẹ̀kán omi kan sójú awò kékeré tí bàbá mi fi ń wọn iyọ̀, mo ń gbé e sójú, mo ń kọjú rẹ̀ sí fèrèsé. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ iye gíráàmù iyọ̀ tó wà nínú lítà omi kan. Bàbá mi jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Nígbà kan tí mo kánjú bu omi jù, wọ́n fi ọwọ́ òsì lu apá àga, gbà. Mo da díẹ̀ padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìlà náà dúró sórí méjìlá. Àwọn ẹja ń mí, wọ́n sì jẹun.

Màmá mi ni kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ń nu ọwọ́.

“Kí lo ń bù kúrò níbẹ̀?”

“Iyọ̀ ni, Mọ́mì. Mò ń din iyọ̀ wọn kù.”

“Ṣé ẹja náà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni?”

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Mo kàn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kòkòrò fún wọn bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n sì gbọ́ ọ bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń gbọ́ ọ. “Gbogbo nǹkan inú ilé yìí ti wá di àtẹ́,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì padà sídìí iná.

Nínú ìjọ wa, màmá mi ló máa ń di àwo iyọ̀ mú níbi ìsọmọlórúkọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí wọn tí wọ́n ń fi ìka kékeré tọ́ iyọ̀ sí ọmọ tuntun lẹ́nu, tí wọ́n ń sọ pé, “Iyọ̀ rèé. Òun ló ń mú oúnjẹ dùn. Ayé rẹ á dùn, o ò ní í di àtẹ́ láwùjọ.” Ọmọ náà á pọ́nnu lá, gbogbo ìjọ á ṣe àmín. Lójú màmá mi, iyọ̀ kì í ṣe èròjà ọbẹ̀ lásán. Mo mọ èyí láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò rántí rẹ̀ nígbà tó yẹ kí n rántí rẹ̀.

Mo la ojú ewé kan sí méjì nínú ìwé aláwọ̀ ewé náà. Apá òsì wà fún iyọ̀ omi ẹja, apá ọ̀tún wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá mi. Ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wọn méjèèjì, bí mo bá ti bọ́ bàtà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àmì funfun lọ lára àwọn ẹja, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ìlà omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo bu omi kúrò, mo fi omi lásán dípò rẹ̀, ó padà sí méjìlá. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, ó tún ti gòkè. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi náà kò kúrò lókè ọgọ́sàn-án pẹ̀lú gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò. Dókítà fi oògùn kún oògùn.

Mo fura sí gbogbo nǹkan àfi ènìyàn. Mo ní bóyá ọyẹ́ ló ń fa omi gbẹ. Òótọ́ ni pé omi máa ń gbẹ kí iyọ̀ rẹ̀ sì kù, ṣùgbọ́n mò ń fi omi lásán dí i lójoojúmọ́. Mo ní bóyá awò ló ń purọ́. Mo lọ sí Bọ́ládé, mo ra omi bátìrì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣáàjì bátìrì, torí omi yẹn kò ní nǹkan kan nínú. Ó bi mí pé mọ́tò wo ni mò ń wà. Mo ní ẹja ni. Ó wò mí, ó sì de ike náà pa fún mi. Mo délé, mo kán omi náà sójú awò, ìlà rẹ̀ wà lórí òdo. Awò kò purọ́.

Nǹkan mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Láràárọ̀, bí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń gbọ́ tí bàbá mi ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga: gbà, gbà, gbà. Mo máa ń fi aṣọ kọ́rùn sáré jáde. Mo yẹ ìlédìí wò, ó gbẹ. Mo gbé omi fún wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n á wò mí, wọ́n á wo ẹja, wọ́n á tún wò mí. “Dádì, mo ti ń pẹ́,” mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń jáde. Ó ń dùn mí báyìí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Nígbà yẹn, kò dùn mí.

Àmì funfun padà sára ẹja dúdú. Mo rí i ní ọjọ́ Ajé kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì tẹ ẹ̀bà fún ara mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n màmá mi kú ní Èkìtì. Màmá mi lọ sìnkú, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀. Mo gbààyè níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo dúró ti bàbá mi. Mo dá omi padà sí méjìlá, kò sì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wálẹ̀ sí ọgọ́jọ, ó tún wálẹ̀ sí àádọ́jọ. Kò sẹ́ni tó lu àga. Oúnjẹ mi nìkan ni wọn kò jẹ tán. Ṣíbí mẹ́ta, wọ́n á pa ẹnu dé.

Màmá mi dé lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, omi ti di mẹ́rìnlá, ẹ̀jẹ̀ ti di àádọ́sàn-án. Mo tẹjú mọ́ ojú ewé náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé bí nǹkan méjì bá jọ ń gòkè tí wọ́n sì jọ ń sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n wá ohun tó so wọ́n pọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ni, ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó wá a. Iyọ̀ ló so wọ́n pọ̀, ọwọ́ kan ló sì ń bù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí omi sínú garawa ní balùwẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ̀, mo sì wá dúró sẹ́yìn kọ́tìnì pálọ̀. Màmá mi gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín bàbá mi jáde, wọ́n fọ́ ọ pọ̀. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n mú ọ̀rá iyọ̀ jáde, wọ́n fi ìka méjì bu díẹ̀ sí oúnjẹ náà, wọ́n rò ó. Bàbá mi la ẹnu. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ṣíbí. Lẹ́yìn náà màmá mi lọ sídìí àpótí ẹja, wọ́n bu ìkúnwọ́ iyọ̀ kan, wọ́n rọra gbọ̀n ọ́n sínú omi, ètè wọn ń mì. Àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ìgbà náà ni ọwọ́ òsì bàbá mi bẹ̀rẹ̀: gbà, gbà, gbà.

Mo jáde lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo rò pé ìbínú yóò dé. Mo dúró dè é, kò dé.

“Mọ́mì, láti ìgbà wo?”

Màmá mi kò sá. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́. “Láti ìgbà tí o ti sọ gbogbo ilé di àtẹ́.”

“Ṣé ẹ fẹ́ pa Dádì ni?”

“Èmi ni mo fẹ́ pa wọ́n? Ẹsẹ̀ ti lọ. Ọwọ́ ti lọ. Ọ̀rọ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo sì rí tí mo fi fẹ́ wọn. Adùn ẹnu nìkan ló kù, ìwọ àti dókítà rẹ tún wá gba ìyẹn náà.”

“Ẹja ńkọ́?”

“Ẹja kẹ̀? Kí wọ́n má baà kú ni. Bàbá yín ń wò wọ́n, o wá ń bu iyọ̀ wọn dà nù. Mò ń bá wọn gbàdúrà sí i ni.”

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ wá síwájú gíláàsì. “Ẹ wo dúdú yìí lára. Iyọ̀ tí ẹ ń bù sí i, kòkòrò yẹn ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀.” Màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn wa, ọwọ́ kò tíì dẹ́kun lára àga. Mo yíjú padà.

“Dádì, ṣé torí ẹja ni ẹ ṣe ń lu àga láti ọjọ́ yìí?”

Ọwọ́ náà dúró. Bàbá mi di ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìtọ́jú náà jókòó síwájú ẹja rẹ̀, ó ń rí ohun tó ń pa wọ́n, ó ń pè mí, èmi sì ń yẹ ìlédìí rẹ̀ wò. Ojú tì mí. Ìtìjú yẹn wọ̀ mí lára díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ.

Màmá mi gbé ọ̀rá iyọ̀ náà lé mi lọ́wọ́ fúnra wọn. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n béèrè nǹkan kan, ohùn wọn kò sókè: “Ṣé o gbọ́ tí bàbá yín lu àga nígbà tí mò ń fún wọn lóúnjẹ?”

Mo lọ pa ẹ̀rọ omi tí mo ṣí sílẹ̀ ní balùwẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti oókan. Màmá mi kò fọwọ́ kan omi mọ́, wọn kò sì bu iyọ̀ sí oúnjẹ. Àmì lọ lára ẹja dúdú, kò padà. Ìlà omi dúró sórí méjìlá bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wálẹ̀ sí ogóje, dókítà kí wa kú iṣẹ́. Bí ẹ bá wo ojú ewé yẹn, ẹ ó ní kò tún sí ilé tó gún tó tiwa. Ṣùgbọ́n ṣíbí mẹ́ta ni bàbá mi ń jẹ láàárọ̀, ṣíbí mẹ́ta lálẹ́. Ọrùn bùbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ sí wọn. Màmá mi á jókòó tì wọ́n, àwo lọ́wọ́, wọn kò ní í bẹ̀ wọ́n, wọn kò sì ní í dìde. Àwọn ẹja ń sanra.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. Ìwé ní kí a dá iyọ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kó gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo po omi iyọ̀ sínú garawa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú àpótí ní ife kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ń wo ọwọ́ mi. Màmá mi gbé oúnjẹ wọn jáde, wọ́n dúró.

“O ń dá iyọ̀ wọn padà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.”

“Ara wọn ti yá nìyẹn.”

“Ara wọn ti yá.”

Màmá mi jókòó, wọ́n gbé ṣíbí sókè. Bàbá mi pa ẹnu dé. Màmá mi gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n wò mí. Mo kán omi sójú awò, mo gbé e sójú, mo kọjú sí fèrèsé, mo kẹ̀yìn sí wọn. Ìlà náà wà lórí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń wo nǹkan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mi ò gbé awò náà kúrò lójú. Mo gbọ́ tí màmá mi fa àga kan lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbọ́ ìró ọ̀rá. Mo gbọ́ tí ṣíbí ń rò. Ẹ̀rù wá bà mí, ó sì ti pẹ́ gan-an tí nǹkan kan ti bà mí lẹ́rù. Mo ń retí kí ọwọ́ lu àga. Bí ó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti mọ̀ pé n ó yíjú padà.

Kò lù ú. Ohun tí mo gbọ́ ni ṣíbí tó ń ha ìsàlẹ̀ àwo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo wọn iyọ̀ omi ẹja, mo kọ ọ́ sápá òsì. Mi ò gbé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì. Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Apá òsì kún dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, apá ọ̀tún sì dúró sórí ogóje.